Òpópónà Kan Lára Ògiri

Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá Jámánì náà bá mi sọ ni pé obìnrin kan ti kú rí nínú yàrá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà.

Mi ò tíì tú ẹrù mi tán. Mo gbọ́ kíkàn lẹ́nu ọ̀nà, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá òyìnbó arúgbó kan tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọ̀dà búlúù gbẹ mọ́ èékánná rẹ̀. Ó kí mi káàbọ̀, ó ní yàrá tó wà nísàlẹ̀ tèmi lòun ń gbé. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó ní aránṣọ kan ló kọ́kọ́ gbé yàrá mi yìí, pé aṣọ àwọn fáàdà ló máa ń rán, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí, ibi tí mo gbé àpótí mi sí gan-an ló sì kú sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tọkọtaya kan láti ìwọ̀-oòrùn Ireland, lẹ́yìn wọn ni ọkùnrin kan tó ń wa bọ́ọ̀sì. Ó ń to àwọn ayálégbé yìí bí ẹni ń to ìran ọba. Èmi di ilẹ̀kùn mú, mo ń wò ó. Nínú ọkàn mi mo ní, irú èwo tún rèé? Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń kí àlejò káàbọ̀ níbí, kí wọ́n máa ka òkú fún un? Mo dúpẹ́, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ṣe àdúà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá náà kí n tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀bùn ló gbé wá fún mi. Kò ní nǹkan mìíràn tó lè fi kí èèyàn.

Phibsborough ni ilé náà wà, ilé alájà gíga àtijọ́ kan tí wọ́n gé sí fúláàtì wẹ́wẹ́. Ìgbà yẹn ni owó ń ya lu Dublin bí àgbàrá òjò. Ibi tí èèyàn bá yíjú sí, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń tà á, wọ́n ń rà á, wọ́n sì ń sọ iye tí wọ́n rà á nínú bọ́ọ̀sì fún ẹni tí kò bi wọ́n. Èmi wá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá ibi ìsádi. Ìwé mi ti jáde nígbà náà, àmọ́ àwọn ọmọ mi méjèèjì ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìbàdàn, wọ́n ń dúró de tiwọn. Mò ń ṣiṣẹ́ nínú ilé oúnjẹ ilé-iṣẹ́ oògùn kan ní Grange Castle. Bọ́ọ̀sì méjì ni mo máa ń wọ̀ lọ, méjì ni mo máa ń wọ̀ bọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ohun tí mo máa sọ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ kò ju kí n bi èèyàn bóyá ó fẹ́ ọ̀dùnkún tàbí ìrẹsì. Ká má parọ́, àdáwà fẹ́ẹ̀ pa mí.

Bàbá náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù mí lọ, àmọ́ tirẹ̀ ní ariwo nínú. Ó ní dùrù kékeré kan tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Nígbà tí mo bá ń kírun àsùbáà lókè, òun náà á ti jókòó sídìí dùrù nísàlẹ̀, á máa tẹ̀ ẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń bí mi nínú. Nígbà tó yá, bí mi ò bá gbọ́ ọ, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Ìyá àgbà kan tó ń gbé ní ọ̀kánkán wa ló jẹ́ kí n mọ irú ẹni tó jẹ́. Ará Dublin pọ́ńbélé ni ìyá yìí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló máa ń dúró sí tí yóò máa wo ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Ó ní “Jámánì wa” ló ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ló máa ń ya àwòrán ilẹ̀kùn àwọn ilé àdúgbò. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, á kó àwọn tó bá fẹ́ rìn lẹ́yìn, á sì máa fi ibi tí odò ti ṣàn rí hàn wọ́n. Òótọ́ ni o. Èmi náà bá wọn rìn lọ́jọ́ kan. Ọ̀nà omi kan tí wọ́n là fún ọkọ̀ ojú omi ti gba àárín àdúgbò yẹn kọjá rí, wọ́n ti rọ yẹ̀pẹ̀ dí i tipẹ́tipẹ́, ilé-ìkàwé kékeré kan wá jókòó lé e lórí. Bàbá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé-ìkàwé náà, ó ń fọwọ́ júwe ojú omi tí kò sí mọ́. Ó sọ fún ìyá àgbà yẹn lójú gbogbo wa pé ibi báyìí ni ìyá ìyá rẹ̀ ti máa ń ta èédú. Inú ìyá náà dùn, àfi bí ìgbà tí wọ́n fún un nílẹ̀. Kò sí ẹni tó bi bàbá ní ìbéèrè kankan nípa ara rẹ̀. Wọ́n ní “Thanks, that was grand,” kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Èmi kò lè pe bàbá lórúkọ. Ó bẹ̀ mí pé kí n máa pe òun ní orúkọ tí ìyá òun sọ òun, gbogbo èèyàn ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ọmọdé tó ń gbé ìwé ìròyìn kiri ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ẹni tó bá bàbá mi dọ́gba? Ẹnu mi á wọ́. Mo wá ń pè é ní Daddy, bí a ṣe ń ṣe. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún un nínú abọ́, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, “Daddy, ẹ káàsán o.” Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Kò fẹ́yàwó, kò bímọ, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Kò tún bá mi jiyàn orúkọ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́ tí mo lọ gba abọ́ mi ló ní kí n wọlé. Ápù méjì ti wà nínú abọ́ náà, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́. Èmi kò rí ápù. Ògiri ni mò ń wò.

Láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé títí dé ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, òpópónà kan ló kùn sára ògiri náà. Ilẹ̀kùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àtẹ̀gùn, fèrèsé, igi eléso kan tó yọrí lẹ́yìn ọgbà. Mo kọ́kọ́ rò pé àdúgbò wa ni. Ó ní rárá o. Ó ní òpópónà tí wọ́n bí òun sí ni, nínú ìlú kan ní ìlà-oòrùn tó jẹ́ ti Jámánì nígbà náà. Orílẹ̀-èdè mìíràn ló ni í báyìí. Wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ dà, iná ogun ti jó òpópónà náà kanlẹ̀, èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kì í sì í ṣe èdè tí ìyá òun fi ń pe òun wọlé jẹun. Ọmọdé lòun nígbà tí ìyá òun fa òun lọ́wọ́ jáde nínú òjò dídì. Wọn ò padà síbẹ̀ mọ́.

Kò sí èèyàn kankan nínú àwòrán náà. Mo bi í pé àwọn èèyàn dà. Ó ní òun rántí ilẹ̀kùn, òun ò rántí ojú.

Mo ní gbogbo ìtàn tó ń sọ fún àwọn ará àdúgbò yìí, ṣé wọn ò béèrè tirẹ̀ rí ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ dé Ireland, tí wọ́n ní kí òun wá tún dùrù ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣe, gbogbo èèyàn ṣì ń rántí ogun. Bí wọ́n bá ti bi òun pé níbo lo ti wá, ìbéèrè kejì ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: kí ni bàbá rẹ ṣe nígbà ogun? Òun wá kọ́ láti máa tètè béèrè tiwọn kó tó kan tòun. Báyìí lòun ṣe di òpìtàn.

Ó jókòó sórí àga dùrù, ó kẹ́yìn sí ògiri náà. “Ilé wa jóná,” ló wí, “ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa ló kọ́kọ́ dáná sun ilé onílé. Ta ni mo fẹ́ bá sunkún?”

Mo ní ọmọdé ṣáà ni yín, Daddy. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ bàbá òun kì í ṣe ọmọdé.

Mo gbé abọ́ mi lọ sókè, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ó dùn mí, ó tún ń bí mi nínú. Èèyàn á mọ ìyá ìyá gbogbo àdúgbò, òun fúnra rẹ̀ á wá máa gbé ìlú tirẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì bí ẹrù olè. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, mo sọ tèmi fún un.

Ọmọ Ìkòyí ni bàbá mi. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, Ìbàdàn ni wọ́n bí bàbá mi náà sí. Ogun ti tú Ìkòyí àtijọ́ kí ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lójú tó dáyé. Síbẹ̀, gbogbo òwúrọ̀ ayé mi tí mo bá kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ọmọ Ìkòyí ni wọ́n ń pè mí. Ìyá mi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, aya ilé ni wọ́n, wọ́n kọ́ oríkì náà lẹ́nu ìyá ọkọ wọn ni. Oríkì wa kì í sì í fi nǹkan pamọ́. Jagunjagun ni wá. Ó sọ ogun tí a jà, ó sọ àwọn tí a kó lẹ́rú, ó sọ igún tó ń tọ̀ wá lẹ́yìn nítorí òkú tí a ń fi sílẹ̀ fún un. Wọ́n á pè é síni lórí bẹ́ẹ̀, orí á sì wú. Mo ní, “Daddy, tí a bá ní ká dúró dìgbà tí ilé baba ẹni bá mọ́ tónítóní kí wọ́n tó fi pe ni, kò sẹ́ni tí wọ́n máa pè.”

Ó béèrè ìgbà tí a máa ń pè é. Mo ní láàárọ̀, lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí ọmọ bá ṣe dáadáa, tó bá ń sunkún. Mo ní bí èèyàn bá sì kú, àwọn obìnrin ilé á pè é kó lè mọ ọ̀nà ilé. Mo ní àwọn àfáà wa kò fẹ́ràn ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ilé wa kì í gbọ́ tiwọn.

Ó ní, “Tí òkú náà kò bá ní obìnrin nílé ńkọ́?”

Mo ní ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí lè pè é, aládùúgbò pàápàá.

Ìgbà yẹn ló sọ ohun tó ń dùn ún. Ó ní òun ti tẹ dùrù fún òkú gbogbo ìdílé tó wà ládùúgbò yìí. Òun mọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́ àti ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, òun sì máa ń fi sínú ohùn dùrù náà. Tó bá kan òun, dùrù á dákẹ́, nítorí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló wà nínú pósí. Fáàdà á ní ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó fẹ́ràn àdúgbò wa. Wọ́n á sì sin òun bí ẹni tó já bọ́ látọ̀run. Ó wò mí, ó ní, “Ṣé o lè pe òpópónà yẹn fún mi?”

A kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ ikú rẹ̀. Mo ní Daddy, ẹ̀mí yín á gùn, Ọlọ́run ò ní gbà. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, màá pè é.

Ó rò pé mo kàn fẹ́ pa òun lẹ́nu mọ́ ni, ló bá ní ká bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ń kọ́ mi ní òpópónà náà bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní orin, ìwọ̀nba ilẹ̀kùn díẹ̀ lọ́jọ́ kan, láti etí omi wá. Ilé oníbúrẹ́dì ló ṣáájú, ilé ẹni tó ń tún aago ṣe ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ilé opó tó kọ́ ọ ní dùrù. Tí mo bá fo ọ̀kan, á ní kí n padà sétí omi. Bó ṣe le tó nìyẹn. Èmi ń fi Yorùbá tò ó, bí etí mi ṣe mọ̀ ọ́n, òun náà á máa wá ohùn mi kiri lórí dùrù. Ó ní kò yẹ kí òun kọ orin sí i rárá, orin ti wà nínú rẹ̀.

Ilẹ̀kùn pupa kan wà lẹ́yìn ilé opó náà, bàbá ya pákó dábùú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n kàn án pa. Mo bi í pé ta ló ń gbé ibẹ̀. Ó ní ìdílé Júù kan ni, pé àwọn ọmọ wọn máa ń bá òun ṣeré. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wá kó wọn. Ìyá òun ní wọ́n rìnrìn-àjò ni. Bàbá òun kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó ṣe, àga wọn kan wà nínú yàrá jíjẹun àwọn. Ó na ìka sí mi. “Má yọ ọ́,” ló wí. “Ohunkóhun tó o bá máa gbàgbé, má yọ ọ́.”

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni lánlọ́ọ̀dù wa ta ilé náà. A kò rí i sójú, àfi pátákó tí wọ́n gbé kọ́ síwájú ilé àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ bàtà dídán, tó ń wọn yàrá wa bí ẹni pé a ti kó jáde. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ bàbá, ó ní àwòrán náà lẹ́wà, àmọ́ funfun ni wọ́n máa kun gbogbo rẹ̀. Bàbá bi í bóyá ó mọ ẹni tó kọ́ ilé yìí. Ó ń sọ ọ́ fún un bó ṣe ń wọn ògiri náà lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè ru ògiri. Àwa méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀, a kò sì sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń lọ sí mọ́sáláṣí ti kó lọ sí Adamstown lẹ́yìn ìlú ní tirẹ̀, ó sì ń pè mí lójoojúmọ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣì ń wá ní Phibsborough? Ẹ come jàre, everything new, train dey sef.” Mo ní mò ń bọ̀. Mo mọ̀ pé mi ò tíì lè lọ.

Òtútù ọdún yẹn ló wọ bàbá láyà. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ wò ó, mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé Daddy mi ni mo wá rí. Nọ́ọ̀sì wò mí, ó wo orúkọ Jámánì tó wà nínú fáìlì, ó tún wò mí. Ó fi sùúrù mú mi lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì, ó ní ọmọ yín ti dé o. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Mo tò ó fún un lọ́jọ́ náà, nítorí ó béèrè rẹ̀, láti etí omi títí dé àtẹ̀gùn ilé wọn. Bí mo ṣe rí i tó rù yẹn, àánú ṣe mí, mo fo ilẹ̀kùn tó ń dunni. Ó ti di ojú, mo rò pé ó ti sùn. Ó ní, “Ilẹ̀kùn pupa.” Mo padà sétí omi. Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ gbẹ̀yìn nìyẹn.

Iṣẹ́ dì mí mú lẹ́yìn èyí. Nígbà tí mo máa padà lọ, bẹ́ẹ̀dì náà ṣófo, wọ́n ti tẹ́ aṣọ tuntun lé e. Nọ́ọ̀sì kan tí mi ò rí rí ní ó ti kú, pé ó ti lé ní ọjọ́ méjì. Ó ní ó kú ìkúùrọ̀rùn.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ sílé. Mi ò béèrè nǹkan kan. Nílé wa, ẹni tó bá kú láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, a ti wẹ̀ ẹ́, a ti kírun sí i lára, ó ti wọlẹ̀. Àwọn tiwa tó kú ní Dublin pàápàá, eré ni a máa ń sá tí ìwé ẹ̀rí ikú bá ti jáde. Mi ò lọ sí ìsìnkú àwọn ará Ireland rí. Mo ti gbọ́ tí bàbá sọ pé òun fẹ́ lọ tẹ dùrù fún òkú kan, kò wá sí mi lọ́kàn láti bi í pé láti ìgbà wo ni òkú náà ti ń dúró. Ọjọ́ méjì! Mo ti gbà pé wọ́n ti sin ín, pé ó ti wọlẹ̀ láìsí ẹni tó pè é. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú kóòtù mi lọ́rùn. Ilé dákẹ́ lọ́wọ́ ìsàlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó lójú òfìfo, mo dé ilé aláago, n kò lè lọ mọ́. Ta ni mò ń pè é fún? Mo sunkún dáadáa, mi ò ní í parọ́. Mo sunkún tirẹ̀, mo fi ti ara mi kún un.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń jáde lọ ra búrẹ́dì, ìyá àgbà ọ̀kánkán wa dá mi dúró. Ó ní, “You'll be at the removal this evening, love?”

Mo ní removal kí ni.

Ó ní ti Jámánì wa ni. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni wọ́n máa gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀la ni wọ́n máa sin ín. Mo di ọwọ́ ìyá náà mú lójú títì. Mo ní ẹ ní kò tíì wọlẹ̀? Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ara mi yá. Ó ní ah no, wọ́n ń wá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni, wọn ò rí ẹnì kankan.

Mi ò lọ síbi iṣẹ́ ọjọ́ náà. Mo wẹ̀, mo wé gèlè dúdú, mo tún ilẹ̀kùn gbogbo tò láti ẹnu ọ̀nà mi dé ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí láyé mi, mo dúró lẹ́yìn pátápátá. Àwọn èèyàn wá lóòótọ́, àmọ́ wọn ò pọ̀. Àwọn tí ì bá wá ni òun fúnra rẹ̀ ti tẹ dùrù fún. Dùrù ńlá wà lókè, ó pa lọ́lọ́. Fáàdà ṣe àdúrà, ó ní ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó fẹ́ràn àdúgbò wa. Bí bàbá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò kọjá, wọ́n ń fọwọ́ kan pósí. Mo bọ́ sínú ìlà. Nígbà tó kàn mí, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ lé pákó náà, mo sì pè é sókè bí ìyá mi ṣe ń pe èèyàn, mi ò rẹ ohùn sílẹ̀:

“Daddy mi, ọmọ òpópónà tó bẹ̀rẹ̀ létí omi.
Ọmọ ilé oníbúrẹ́dì, òórùn rẹ̀ ń jí ọmọdé ṣáájú ìyá wọn.
Ọmọ ilé aláago, aago pọ̀ nílé, kò sí èyí tó mọ ìgbà ogun.
Ọmọ ilé opó tó ń fi dùrù tọ́ ọmọ ọlọ́mọ.
Ọmọ ilẹ̀kùn pupa tí wọ́n kàn pa, a ò fi pamọ́.
Wọ́n kó onílé lọ, àga rẹ̀ wà ní yàrá wa, a ò fi pamọ́.
Ọmọ igi eléso tó yọrí lẹ́yìn ọgbà, wèrè igi tó ń so fún ọ̀tá.
Ọmọ àtẹ̀gùn tó sán sí méjì, bàbá rẹ ń bọ̀ wá tún un ṣe, ogun ò jẹ́.
Ilé rèé o. Má ṣìnà. Wọlé, wọ́n ti bu oúnjẹ.”

Kò sí ẹni tó dá mi lóhùn. Nílé, àwọn obìnrin yòókù á ti gbè é. Ohùn mi lọ kan òrùlé, ó padà wá bá mi. Mo dìde, mo lọ jókòó sórí àga tó súnmọ́ mi jù.

Ìyá àgbà ọ̀kánkán wa wá jókòó tì mí. Ó bi mí ohun tí mo sọ fún un. Mo ní mo pe ilé rẹ̀ fún un ni. Ó ronú sí i. Ọkùnrin yìí ti tẹ dùrù fún òkú ọkọ rẹ̀, ó ti fi ibi tí ìyá ìyá rẹ̀ ti ta èédú hàn án. Ó ní, “Níbo ló tiẹ̀ ti wá gan-an?”

Mo wo pósí náà. Mo fẹ́ bínú sí ìyá yìí, kò ṣeé ṣe, omi wà lójú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ fún un láti etí omi.

Wọ́n ti kun ògiri náà ní funfun kí èmi náà tó kó lọ sí Adamstown. Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ó ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, èmi kò sì lè wọ ilé tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù tí a ti máa ń fóònù sílé, mo pe Ìbàdàn. Ìyá mi ló gbé e. Wọ́n ní àwọn ọmọ wà nílé ìwé Kùránì, wọ́n máa tó dé. Mo ní kì í ṣe àwọn ni mo pè. Wọ́n ní ṣé kò sí o, kí ló ṣe ohùn mi? Mo ní kò sí, Màmá. Mo ní kí wọ́n ṣáà pè mí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, láti Ìkòyí, pẹ̀lú ogun rẹ̀ àti igún rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ nínú àpótí fóònù náà, mo gbá fóònù mọ́ etí, títí wọ́n fi pè mí délé.